Asọ̀rọ̀mágbèsì tó rí èsì gbà: Roosevelt àti rédíò ní oṣù kẹta ọdún 1933

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2. Ìwé tí à ń lò sọ pé ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 1933, Franklin Roosevelt di Ààrẹ Amẹ́ríkà, ó sọ lórí rédíò pé kò sí ohun tó yẹ kí àwọn bẹ̀rù bí kò ṣe ìbẹ̀rù fúnra rẹ̀, ọkàn gbogbo ìlú sì balẹ̀. Ọmọ kan nawọ́, ó ní, "Mà, ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tí báǹkì ti ti owó rẹ̀ mọ́lé, ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu ló máa fi ra búrẹ́dì?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi ò rí nǹkan kan sọ. Ṣé lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣiṣẹ́? Ṣé òun sì ni Ààrẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbọ́ ìbúra rẹ̀ lórí rédíò?

Ìdáhùn:

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn kú làákàyè. Ìwé tí ẹ ń lò ti pa ọjọ́ mẹ́jọ pọ̀ di ọjọ́ kan, ọmọ náà sì rí ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tí Roosevelt búra, kò sí báǹkì kankan tó ṣílẹ̀kùn nítorí ohun tó sọ. Ńṣe ni wọ́n tún ń tì í. Ní ìdájí ọjọ́ náà gan-an ni Herbert Lehman, gómìnà New York, àti Henry Horner, gómìnà Illinois, pàṣẹ kí àwọn báǹkì ìpínlẹ̀ wọn wà ní títì. Nígbà tí Ààrẹ tuntun fi máa la ẹnu, ìpínlẹ̀ tí èèyàn ti lè rìn wọ báǹkì kó gba owó rẹ̀ bó ṣe wù ú kò pọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tó ṣí báǹkì dé ní ọjọ́ Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Orí rédíò ni wọ́n ti sọ òun náà, ẹni kan náà ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbé èyí tó fúyẹ́ kúrò nílẹ̀. Roosevelt kọ́ ni àkọ́kọ́. Calvin Coolidge ni, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 1925. Láyé àtijọ́, àwọn tó bá dúró níwájú pátápátá ló máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbúra. Àwọn tó kù a máa wo ẹnu àti ọwọ́ lásán, wọn a dúró de ìwé ìròyìn. Ní 1841, William Henry Harrison dúró nínú òtútù fún nǹkan bíi wákàtí méjì, ó ka ọ̀rọ̀ 8,445. Oṣù kan péré lẹ́yìn náà ló kú. Àwọn kan máa ń di ẹ̀bi ikú náà ru gígùn ọ̀rọ̀ yẹn. N kò ní bá wọn dá sí i, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn olóṣèlú kan tí ó ń wù mí kí ẹnìkan sọ ìtàn náà fún. Ìgbà tó di 1921 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ńlá síwájú Warren Harding, tí èrò tó wà lọ́nà jíjìn fi gbọ́ Ààrẹ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ìtàn Coolidge fúnra rẹ̀ dùn mọ́ mi ju ọ̀rọ̀ tó sọ lọ. Nígbà tí Harding kú lójijì ní oṣù kẹjọ ọdún 1923, Coolidge, tó jẹ́ igbákejì rẹ̀, wà nílé baba rẹ̀ ní abúlé Plymouth Notch, ìpínlẹ̀ Vermont. Ilé náà kò ní tẹlifóònù. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, baba rẹ̀, tó jẹ́ nótárì, búra fún un lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ àtùpà kẹrosíìnì. Àwọn tó wà nínú yàrá yẹn nìkan ló gbọ́. Kò tíì pé ọdún méjì tí ọkùnrin kan náà tún búra ní Washington, lọ́wọ́ William Howard Taft, ẹni tó ti jẹ Ààrẹ rí kó tó di adájọ́ àgbà. Wáyà tẹlifóònù gbé ohùn rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò tó lé ní 20, wọ́n sì fojú bù ú pé àwọn tó gbọ́ ọ ju mílíọ̀nù 20 lọ. Ohùn imú ni Coolidge ní, ohùn tó gbẹ bí háríhá àgbàdo, kò lè ru èrò sókè láéláé. Inú rédíò ni ohùn yẹn ti bá ibi tó yẹ ẹ́ pàdé. Ọ̀rọ̀ owó orí àti ìṣúnáwó ló pọ̀ jù nínú ohun tó sọ lọ́jọ́ náà, n kò ní fi dí yín lọ́wọ́.

Ó wá kan 1933. Rédíò ti kúrò ní ohun ìṣeré nígbà náà. Ìkànìyàn ọdún 1930 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 ìdílé ló ní in, ìyẹn ìdílé mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ọ̀dá owó sì ti mú ìlú náà lọ́rùn. Nínú òṣìṣẹ́ mẹ́rin, ọ̀kan kò níṣẹ́. Láti 1930, ó lé ní 5,000 báǹkì tó ti dẹnu kọlẹ̀, owó àwọn èèyàn sì bá ọ̀pọ̀ wọn lọ. Àwọn ará ìlú ti dìbò yan Roosevelt láti oṣù kọkànlá ọdún 1932, àmọ́ òfin ní oṣù kẹta ni yóò tó gbàjọba. Fún oṣù mẹ́rin, ilé náà dà bí èyí tí baálé rẹ̀ ti ń di ẹrù, tí ẹni tó fẹ́ kó wọlé kò sì tíì gba kọ́kọ́rọ́. Àwọn aṣòfin pàápàá rí àléébù náà. Àtúnṣe ogún sí ìwé òfin wọn, tó gbé ọjọ́ ìbúra wá sí ọjọ́ 20 oṣù kìíní, kẹ́sẹ járí ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 1933, ó ti pẹ́ jù fún ọdún yẹn. Bí Roosevelt ṣe di ẹni ìkẹyìn tó búra ní oṣù kẹta nìyẹn.

Irú ìbẹ̀rù wo ló ń sọ? Ibí ni ẹ ó ti rí èsì fún ọmọ yẹn. Ẹ ní kí àwọn ọmọ náà ro ti alájọ tó ń gba owó kiri ọjà. Ká ní ó ti fi díẹ̀ lára owó àjọ yá ìyá oníṣu kan. Owó náà kò sọnù, ó wà lára iṣu. Bí oníkálukú bá dúró de ìparí oṣù, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan ṣáà pariwo láàárín ọjà pé alájọ ti fẹ́ sá lọ, kí gbogbo ọjà ya bò ó ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo. Kò ní rí i san, ìbáà jẹ́ olóòótọ́ bíi kí lọ. Irọ́ ni ariwo yẹn nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ó ti di òótọ́. Ohun tó ṣe báǹkì Amẹ́ríkà ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún 1933 gan-an nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí Roosevelt ní ìbẹ̀rù ni kí wọ́n bẹ̀rù, kò sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé kó má bẹ̀rù ebi. Gbólóhùn náà ṣì ń bá a lọ níbi tí ọ̀pọ̀ ìwé ti máa ń gé e: ó ní ìbẹ̀rù tí kò lórúkọ, tí kò ronú, tí kò nídìí, tó ń rọ èèyàn lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀ nígbà tó yẹ kó dìde. Ẹ ka ìyókù yẹn sétí kíláàsì. Láìsí i, ọ̀rọ̀ náà dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó yó.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa rírọ yìí mọ ohun tó ń sọ. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú un ní 1921, kò sì lè dá rìn mọ́. Irin ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ́jọ́ ìbúra, apá James, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ló dì mú títí ó fi dé ibi tó ti sọ̀rọ̀, ó sì gbá tábìlì mú nígbà tó débẹ̀. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Giuseppe Zangara yìnbọn sí i ní Miami. Ọta kò bà á, ó ba Anton Cermak, olórí ìlú Chicago, tó ṣì wà lórí àìsàn lọ́jọ́ ìbúra, tó sì kú ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta. Rédíò kò fi irin ẹsẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Ohùn nìkan ló dé ilé àwọn èèyàn, ohùn ọkùnrin tó dúró ṣinṣin. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí Bíbélì ìdílé wọn, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní èdè Dọ́ọ̀ṣì ní 1686, ó ṣí sí Kọ́ríńtì Kìíní orí kẹtàlá. Dípò kó kàn fèsì fún adájọ́ àgbà Charles Evans Hughes pé bẹ́ẹ̀ ni, ó tún gbogbo ìbúra náà sọ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ta ló kọ ọ̀rọ̀ náà? Raymond Moley, olùdámọ̀ràn Roosevelt, ló kọ èyí tó pọ̀ jù. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kejì, nílé Roosevelt ní Hyde Park, Roosevelt jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da àkọsílẹ̀ náà kọ, Moley sì ju tirẹ̀ sínú iná. Gbólóhùn ìbẹ̀rù yẹn kò sí nínú ohun tó dà kọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Louis Howe, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ń bá a dá ète òṣèlú, ni gbogbo àmì tọ́ka sí pé ó fi í kún un. Ohun tí gbogbo ayé ń rántí lónìí, ìgbẹ̀yìn ló wọlé.

Èyí tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu jù ni pé àwọn èrò tó dúró nínú òtútù ní Washington kò pàtẹ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ fún gbólóhùn ìbẹ̀rù. Ibi tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ jù ni ibi tó ti ní bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò bá ṣe ohun tó yẹ, òun yóò ní kí wọ́n fún òun ní agbára tó gbòòrò láti gbógun ti ìṣòro náà, agbára tó tó irú èyí tí wọn ì bá fún òun bí ọ̀tá bá ya wọ ìlú. Ìyàwó rẹ̀, Eleanor, sọ lẹ́yìn náà pé àtẹ́wọ́ yẹn dẹ́rù ba òun díẹ̀. Èmi náà gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 5 oṣù kẹta, àwọn ará Jámánì ń dìbò lábẹ́ Hitler, ẹni tó ti di olórí ìjọba láti ọjọ́ 30 oṣù kìíní.

Ọ̀rọ̀ tó gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ni, kò pé 1,900 ọ̀rọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: kò tó ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹni ń wàásù ló ṣe ń lọ, ìwàásù náà ló sì jẹ́. Ó ní àwọn tó ń pàṣípààrọ̀ owó ti sá kúrò lórí àga gíga wọn nínú tẹ́ḿpìlì ọ̀làjú wa. Ẹni tó bá ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi rí mọ ibi tí ìyẹn ti wá nínú Mátíù. Ó ní kì í ṣe eéṣú ló kọlù wọ́n, pé ọ̀pọ̀ oúnjẹ wà lẹ́nu ọ̀nà tí èèyàn kò sì rí i jẹ. Ọ̀rọ̀ ojú agbo ni, wọ́n gbé e sórí pèpéle gíga fún èrò tó pọ̀, rédíò kàn bá wọn gbọ́ ni. Bí ẹ bá mú un padà sí ọdún 1905, tí kò sí rédíò rárá, kò sí gbólóhùn kan tí ẹ ó yí padà.

Mo ka ìròyìn lórí rédíò fún ọdún mọ́kànlá kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹlòmíràn. Ọjọ́ kejì tí mo wọ sítúdíò, ọ̀gá tó ń kọ́ mi dá mi dúró láàárín ìwé kíkà. Ó ní, "Àwọn wo lò ń bá sọ̀rọ̀?" Mo ní gbogbo ènìyàn. Ó ní, "Kò sí gbogbo ènìyàn níbẹ̀. Ìyá kan ló wà níbẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà, rédíò wà lórí fèrèsé. Bá òun sọ̀rọ̀." Mo rò pé ó ń bú mi ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tí Roosevelt ṣe ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1933 nìyẹn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín. Ní ọjọ́ 6, ó pàṣẹ kí gbogbo báǹkì ní Amẹ́ríkà tilẹ̀kùn, ó pè é ní ìsinmi báǹkì. Orúkọ yẹn nìkan, ọgbọ́n wà níbẹ̀: ẹni tó wà ní ìsinmi yóò padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ 9, àwọn aṣòfin gbé òfin báǹkì kọjá ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ilé aṣojú jiyàn lé e lórí fún 40 ìṣẹ́jú péré. Òfin náà ní ìjọba yóò yẹ ìwé báǹkì wò, èyí tó bá lè dá dúró nìkan ni yóò gba ìwé àṣẹ láti ṣí. Nígbà tó di alẹ́ Sọ́ńdè ọjọ́ 12, ní aago mẹ́wàá alẹ́ ní Washington, Roosevelt bọ́ sórí rédíò, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́ bá àwọn ará Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nípa báǹkì." Kò mẹ́nu kan tẹ́ḿpìlì, kò mẹ́nu kan eéṣú. Ó ní tí ẹ bá fi owó yín sí báǹkì, wọn kì í kó o sínú àpótí irin kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, wọ́n ń yá a fún iṣẹ́ àti ilé. Ó ṣàlàyé ìdí tí gbogbo rẹ̀ kò fi ní ṣí lọ́jọ́ kan náà, ìlú wo ni yóò kọ́kọ́ ṣí, èwo ni yóò tẹ̀ lé e. Ó wá ní ó dájú pé owó yín wà láìléwu nínú báǹkì tó bá tún ṣí ju abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Kò tó ìṣẹ́jú 15 tó fi parí. Wọ́n fojú bù ú pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 60 ló gbọ́. Will Rogers, aláwàdà wọn, ní ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ báǹkì débi pé àwọn oníbáǹkì pàápàá lóye rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó bá ọjọ́ ìbúra wá, "àwa" àti "orílẹ̀-èdè" ló kún un. Ti alẹ́ Sọ́ńdè, "owó yín" ni. Kódà, ó ní eyín atọwọ́dá kékeré kan tó máa ń fi sẹ́nu tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rédíò, nítorí àlàfo kan láàárín eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń súfèé sínú ẹ̀rọ. Ẹni tó ń ro ti eyín ti mọ̀ pé etí ẹnìkan ni òun ń wọ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí àwọn báǹkì àkọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn, ìlà gígùn tún wà níwájú wọn, ṣùgbọ́n owó ni àwọn èèyàn ń dá padà. Nígbà tí ọjà ìpín ìdókòwò New York tún ṣí ní ọjọ́ 15, iye ìpín fò sókè ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ nìkan ló ṣe é. Òfin ọjọ́ 9 wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà bí ògiri ṣe wà lẹ́yìn fèrèsé. Báǹkì tí kò dára kò ṣí. Kò sì fún ọmọ yẹn ní búrẹ́dì: àìríṣẹ́ṣe ṣì ń jà wọ́n títí di ìgbà tí ogun àgbáyé kejì fi bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀ n kò ní fojú di ọ̀rọ̀ ọjọ́ 4. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà bíi 450,000 ya wọ ilé ìjọba. Lásìkò Herbert Hoover, Ààrẹ tó ṣáájú Roosevelt, ẹnìkan ṣoṣo ló ń bójú tó lẹ́tà. Wọ́n ní láti kó ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kún un. Àwọn bàbá wa ní Èkó, nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé àpótí rédíò oníwáyà dé ní oṣù kejìlá ọdún 1935, pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Kò sí orúkọ tó tún lè tọ̀nà ju bẹ́ẹ̀ lọ: Lọ́ńdọ̀nù ń sọ̀rọ̀, o kò lè dá a lóhùn, o kò tilẹ̀ lè yan ohun tí o fẹ́ gbọ́. Àpótí ti Amẹ́ríkà náà kò gbèsì, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ń gba lẹ́tà. Láti inú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ló ti ń mọ ohun tó ń ká àwọn èèyàn lára.

Fún ẹ̀kọ́ tó kàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé irinṣẹ́ kan náà ṣe iṣẹ́ mìíràn níbòmíràn. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta yẹn kan náà, bí báǹkì ṣe ń ṣí ní Amẹ́ríkà, ìjọba Hitler dá ilé iṣẹ́ ìpolongo sílẹ̀ fún Goebbels. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n gbé rédíò olówó pọ́ọ́kú kan jáde fún ará ìlú, wọ́n pè é ní VE 301, nọ́ńbà náà dúró fún ọjọ́ 30 oṣù kìíní tí Hitler gorí àga. Ìyẹn ni asọ̀rọ̀mágbèsì ní tòótọ́.

Ohùn Roosevelt ti ọjọ́ méjèèjì ṣì wà, ó sì rọrùn láti rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má kọ́kọ́ sọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fún wọn. Ẹ ní kí wọ́n dijú, ẹ gbé ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta sétí wọn, kí wọ́n wá sọ fún yín èwo ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dúró sí, èwo ló jókòó sí. Tí ọmọ yẹn bá tún nawọ́, ẹ kọ ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.